Òtítọ́ Dé Ọjà, Ó Kù Tà: Ìtàn Ayé John Snow Oníṣègùn

Àwọn baba wa a máa sọ pé òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, ṣùgbọ́n owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń pa òwe yìí ni kò rò pé ó lè ṣẹ gẹ́gẹ́ bí a ti ń pa á gan-an, pé kí ènìyàn kọ òtítọ́ sínú ìwé, kí ó gbé ìwé náà lọ sí ọjà, kí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n rà á sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún John Snow, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ìwé kan tí ó fi hàn bí àrùn onígbáméjì ti ń ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Owó tí ó ná lé ìwé náà lórí ju pọ́n-ùn 200 lọ. Ẹyọ 56 péré ni àwọn ènìyàn rà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, ìwé yìí kan náà wà lára àwọn ìwé tí a ń tọ́ka sí jù lọ níbi tí a bá ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìlera ìlú. Bí ọ̀ràn náà ti yí padà bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbọ́ nínú ìtàn yìí.

Ìlú York ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí John Snow sí, ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 1813. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Alágbàṣe ni William Snow, baba rẹ̀. Agbára káká ni ó fi ń rí ohun tí yóò fi bọ́ agbo ilé rẹ̀. Àdúgbò àwọn tálákà ni wọ́n ń gbé, nítòsí odò Ouse, omi odò náà a sì máa ya wọ ilé nígbà tí ó bá kún. Síbẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ náà wà láìkàwé. Wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì já fáfá, pàápàá jù lọ nínú ìṣirò. Kí òǹkàwé fi ìṣirò yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó di ohun ìjà rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn.

Ní ọdún 1827, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, wọ́n mú un lọ sí ìlú Newcastle láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ William Hardcastle. Ní ayé ìgbà náà, bí ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí yóò di oníṣègùn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ tiwọn. Ibẹ̀ ni Snow wà nígbà tí àrùn onígbáméjì kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1831. Láti ilẹ̀ Íńdíà ni àrùn náà ti gbéra. Ó ń bá àwọn oníṣòwò àti àwọn ọmọ ogun rìn láti ìlú dé ìlú, títí ó fi gúnlẹ̀ ní èbúté Sunderland tí kò jìnnà sí Newcastle.

Àwọn Yorùbá tí ó pè é ní onígbáméjì mọ ohun tí wọ́n ń sọ: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́ gbuuru. Omi ara aláìsàn a máa tú jáde lókè àti nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ a jìn wọnú, awọ ara rẹ̀ a hunjọ. Ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ara líle lè di òkú kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí àrùn náà dé ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Killingworth, Snow ni ọ̀gá rẹ̀ rán lọ láti máa tọ́jú àwọn awakùsà. Kò tíì pé ọmọ ọdún 20. Kò sí oògùn kan tí ó gbà á lọ́wọ́ àrùn náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ́ sínú ìwé pé inú ihò ni àwọn awakùsà ń wà láti àárọ̀ di ọ̀sán, pé kò sí ilé ìgbẹ́ níbẹ̀, àti pé ọwọ́ tí wọn kò fọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1836, Snow gbéra lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹsẹ̀ ni ó sì fi rin púpọ̀ nínú ọ̀nà náà. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní òpópónà Great Windmill, ó yege nínú ìdánwò tí ó fún un ní àṣẹ àti máa ṣe ìṣègùn ní ọdún 1838, ó sì gba oyè dókítà ní yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1844. Àdúgbò Soho ni ó ń gbé, láàárín àwọn ènìyàn tí kò rí já jẹ. Kò gbéyàwó. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti pa ẹran jíjẹ àti ọtí mímu tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi tí ó bá sì fẹ́ mu, a máa rí i dájú pé ó mọ́ kí ó tó fi kan ẹnu.

Snow kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ohùn rẹ̀ há, ojú a sì máa tì í láàárín àwùjọ. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ń dìde sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn, àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1839, ó kọ lẹ́tà sí The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, láti tọ́ka sí àṣìṣe inú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Olóòtú ìwé ìròyìn náà fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní ì bá dára bí ọ̀gbẹ́ni náà bá lè mú ohun kan jáde fúnra rẹ̀ dípò kí ó máa yẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ wò. Ẹlòmíràn ì bá bínú kí ó sì panu mọ́ títí ayé. Snow padà sí ẹnu iṣẹ́, láti ìgbà náà wá ni ó sì ń mú iṣẹ́ tirẹ̀ jáde láìsinmi.

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí kì í ṣe ti onígbáméjì rárá. Ní ọdún 1846, àwọn ará Amẹ́ríkà fi han gbogbo ayé pé bí a bá jẹ́ kí aláìsàn fa ooru oògùn kan tí à ń pè ní ether símú, yóò sùn, a ó sì lè fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lára. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣègùn ń lò ó bí ẹni ń fi ojú díwọ̀n nǹkan. Àwọn kan sùn wọn kò jí mọ́. Snow jókòó, ó ṣírò bí ooru náà ti ń pọ̀ sí i tàbí dín kù bí ojú ọjọ́ bá móoru tàbí tí ó tutù, ó ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa wọn ìwọ̀n tí aláìsàn ń fà símú, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1847. Nígbà tí chloroform dé, ó kọ́ èyí náà ní àkọ́jálẹ̀. Òun ni a pè wá sí ààfin ní ọdún 1853 àti ní ọdún 1857 nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ń rọbí, tí ó sì fi chloroform dín ìrora rẹ̀ kù.

Ẹ̀kọ́ tí Snow kọ́ nípa afẹ́fẹ́ àti ooru ni ó mú un ṣiyèméjì sí ohun tí gbogbo ayé gbà gbọ́ nípa onígbáméjì. Ìgbàgbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ni pé òórùn burúkú ni ó ń fa àrùn, pé ààtàn, ẹrẹ̀ àti òkú ẹran a máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ẹni tí ó bá sì fà á símú yóò ṣàìsàn. Kí a má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Lọ́ńdọ̀nù ń rùn nígbà náà, níbi tí ó bá sì ti ń rùn jù ni àìsàn ti ń pọ̀ jù. William Farr, ẹni tí ó ń kó iye àwọn òkú jọ fún ìjọba, tilẹ̀ ṣírò pé àwọn tí ń gbé ní àfonífojì ń kú ju àwọn tí ń gbé ní orí òkè lọ, ó sì gbà pé òórùn ẹgbin ni ó pọ̀ ní ìsàlẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Ìtumọ̀ tí ó fún un ni kò tọ̀nà.

Ní ọdún 1848 àrùn náà tún padà wá. Ọkọ̀ atukọ̀ ojú omi kan ti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì dé, atukọ̀ náà wọ̀ sí yàrá kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣàìsàn, ó sì kú. Ẹlòmíràn wọ inú yàrá náà lẹ́yìn rẹ̀, àrùn kan náà sì mú òun pẹ̀lú. Snow ronú sí i. Bí ó bá ṣe pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé àrùn yìí wọ ara, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀jẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, ibà ni yóò sì ṣáájú. Ṣùgbọ́n inú ni onígbáméjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹnu ni ó gbà wọlé. Ohun kan tí ó wà nínú ìgbẹ́ aláìsàn ni ó ń bọ́ sínú oúnjẹ tàbí omi, tí ẹlòmíràn sì ń gbé e mì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1849, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí ojú ewé rẹ̀ kò ju 31 lọ.

Àwọn tí ó ka ìwé náà kò bú u, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á. Ìwé ìròyìn oníṣègùn kan ní kò tíì fi ẹ̀rí tí ó dájú hàn. Ó ní ẹ̀rí tí yóò yanjú ọ̀ràn náà ni kí a rí omi kan tí wọ́n gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn, sí ibi tí àrùn náà kò sí rárá, kí àwọn tí ó mu ún níbẹ̀ ṣàìsàn, kí àwọn tí kò mu ún sì wà láìsí ewu. Ta ni yóò ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kí ó mọ̀ọ́mọ̀ bu májèlé fún àwọn aládùúgbò rẹ̀? Snow kò lè ṣe é. Ó fi sùúrù dúró de ohun tí ayé fúnra rẹ̀ yóò ṣe.

Ó dúró fún ọdún márùn-ún. Ní ọdún 1854, nígbà tí onígbáméjì tún bẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rí i pé ilé iṣẹ́ méjì ni ó ń ta omi ní gúúsù ìlú náà. Ọ̀kan ni Southwark and Vauxhall, tí ń fa omi odò Thames ní Battersea, níbi tí ẹ̀gbin ìlú ti ń ṣàn wọ inú odò. Èkejì ni Lambeth, tí ó ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí òkè odò ní ọdún 1852, níbi tí ẹ̀gbin Lọ́ńdọ̀nù kò dé. Ọ̀pá omi àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì ń gba òpópónà kan náà kọjá. Ilé yìí lè máa mu omi ti ọ̀kan, kí ilé tí ó fara kàn án máa mu ti èkejì. Olówó àti tálákà, àgbà àti ọmọdé, gbogbo wọn ni ó dà pọ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń fà símú. Omi nìkan ni ó yàtọ̀.

Snow mú orúkọ àti ilé àwọn tí ó kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Ìbéèrè kan náà ni ó ń béèrè: ta ni ó ń ta omi fún yín? Ọ̀pọ̀ kò mọ̀, nítorí pé onílé ni ó ń san owó omi. Nígbà náà ni Snow a bu omi díẹ̀ sínú ìgò, a sì fi oògùn dán iyọ̀ inú rẹ̀ wò, nítorí pé iyọ̀ inú omi Southwark and Vauxhall pọ̀ ju ti Lambeth lọ lọ́nà tí kò ṣeé ṣì mọ̀. Báyìí ni ìṣirò náà ti yọrí sí fún ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́. Nínú ilé 40,046 tí Southwark and Vauxhall ń pọn omi fún, ènìyàn 1,263 ni onígbáméjì pa. Nínú ilé 26,107 tí ó jẹ́ ti Lambeth, ènìyàn 98 ni ó pa. Bí a bá mú ilé 10,000 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, òkú 315 ni ó jẹ́ ti omi ẹlẹ́gbin, òkú 37 sì ni ti omi tí ó mọ́ jù ú lọ.

Bí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ nítòsí ilé òun fúnra rẹ̀. Ní òru ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1854, onígbáméjì ya wọ àdúgbò òpópónà Broad ní Soho. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, àwọn tí ó kú ti lé ní 500. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, iye wọn di 616. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gbé e sá kúrò ní àdúgbò náà. Snow ní tirẹ̀ wọ ibẹ̀ lọ. Pọ́ǹpù kan wà ní òpópónà yìí tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn omi rẹ̀, nítorí pé ó tutù, ó sì mọ́ lójú. Ó lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ òkú lọ́wọ́ ìjọba, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Nínú òkú 83 àkọ́kọ́ tí ó wá ìdí wọn, 73 ni ilé wọn sún mọ́ pọ́ǹpù náà ju pọ́ǹpù mìíràn lọ, àwọn ará ilé 61 nínú wọn sì jẹ́rìí sí i pé wọ́n a máa mu omi rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Snow mọ̀ pé ẹni tí ń wá òtítọ́ kò gbọdọ̀ ka kìkì ẹ̀rí tí ó bá tirẹ̀ mu. Ó wá àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kú tí wọn kò kú, àti àwọn tí kò yẹ kí wọ́n kú tí wọ́n kú. Ilé ìtọ́jú àwọn aláìní kan wà nítòsí pọ́ǹpù náà, ènìyàn 535 ni ó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ márùn-ún péré ni àrùn náà pa níbẹ̀. Nígbà tí ó béèrè, wọ́n ní àwọn ní kànga tiwọn nínú ọgbà. Ilé ìpọntí kan wà ní òpópónà náà gan-an, ó lé ní 70 ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, onígbáméjì kò sì pa ẹnì kan nínú wọn. Ọ̀gá wọn ní ọtí ni wọ́n ń mu, pé bóyá ni wọ́n ń mu omi rárá, àti pé wọn kì í lọ sí ìdí pọ́ǹpù náà.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti opó kan ní Hampstead, ibi tí ó jìnnà sí Soho. Onígbáméjì kò sí ní àdúgbò rẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó kú ní ọjọ́ 2, oṣù kẹsàn-án. Snow wádìí, ó sì rí i pé òpópónà Broad ni obìnrin náà ń gbé tẹ́lẹ̀. Omi pọ́ǹpù ibẹ̀ dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbé ìgò omi náà wá fún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan tí ó wá kí i láti Islington mu nínú omi náà, ó padà sí ilé, òun náà sì kú. Onígbáméjì kò sì sí ní àdúgbò tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rí tí ìwé ìròyìn oníṣègùn ní kí ó mú wá ní ọdún 1849 ni èyí. Àwa Yorùbá ní omi kò ní ọ̀tá; ìfẹ́ omi dídùn ni ó ṣe ikú pa opó yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 7, oṣù kẹsàn-án, Snow lọ bá ìgbìmọ̀ àdúgbò náà, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ fún wọn. Kò dá wọn lójú, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ikú mú wọn gbà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yọ ọwọ́ pọ́ǹpù náà kúrò, kò sì sí ẹni tí ó lè fa omi níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ojú ẹsẹ̀ ni ikú dúró. Snow fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọwọ́ pọ́ǹpù, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò ti sá lọ, àti pé òun kò lè mọ̀ bóyá oró inú omi náà ti tán tàbí kò tíì tán. Ẹni tí ó bá lè sọ ohun tí yóò dín ògo tirẹ̀ kù báyìí ni a lè fọkàn tán nígbà tí ó bá sọ ìyókù.

Ẹni tí ó parí ìwádìí náà ni Henry Whitehead, ọ̀dọ́ àlùfáà kan ní àdúgbò yìí. Kò gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́ rárá. Ó tìtorí àti já a ní irọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn ará ìjọ rẹ̀, wọ́n sì ń bá a sọ ohun tí wọn kì í sọ fún àlejò. Bí ó ti ń béèrè títí, ẹ̀rí tí ó ń rí ń ti Snow lẹ́yìn. Nígbẹ̀yìn ó rí i pé ọmọ ọwọ́ kan ní ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù náà ti ṣàìsàn kí àrùn náà tó tàn ká, pé ìyá rẹ̀ a sì máa da omi tí ó fi fọ aṣọ ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ṣáláńgá tí ó wà níwájú ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n rí i pé bíríkì ṣáláńgá náà ti jẹrà, kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ara kànga tí pọ́ǹpù ń fa omi rẹ̀. Whitehead gbà pé Snow ni ó jàre, wọ́n sì di ọ̀rẹ́.

Snow kó gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí jọ, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì ní ọdún 1855. Ìwé pẹlẹbẹ ọjọ́sí ti di ìwé tí ojú ewé rẹ̀ lé ní 160. Àwòrán ilẹ̀ àdúgbò Soho wà nínú rẹ̀, ó fi ilà dúdú kékeré sàmì sí òkú kọ̀ọ̀kan ní iwájú ilé rẹ̀, ojú lásán sì rí i bí àwọn ilà náà ti ṣù mọ́ ìdí pọ́ǹpù òpópónà Broad. Àpò ara rẹ̀ ni ó ti mú ohun tí ó ju pọ́n-ùn 200 láti ṣe ìwé náà. Ẹyọ 56 ni wọ́n rà, owó tí ó sì wọlé fún un kò ju pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 12 lọ.

Kì í ṣe pé wọn kò rà á nìkan, àwọn aláṣẹ tún kọ̀ ọ́. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ìjọba yàn yẹ ọ̀ràn Soho wò, wọ́n sì sọ ní ọdún 1855 pé àwọn kò rí ìdí tí àwọn yóò fi gbà pé omi ni ó fà á. Ní ọdún kan náà, Snow jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pé òórùn ilé iṣẹ́ àwọn tí ń se egungun àti ọ̀rá kì í ṣe ohun tí ń fa irú àrùn wọ̀nyí. Inú bí olóòtú The Lancet gidigidi, ó sì kọ̀wé pé ó ti di agbẹjọ́rò fún àwọn tí ń ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́. Snow kò bá wọn ja ìjà ọ̀rọ̀. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1858, bí ó ti ń kọ ìwé rẹ̀ lórí chloroform ní ilé rẹ̀, àrùn rọpá-rọsẹ̀ kọ lù ú. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ní ọmọ ọdún 45, wọ́n sì sin ín sí ibi ìsìnkú Brompton. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Benjamin Ward Richardson, ni ó bá a tẹ ìwé náà jáde, tí ó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ìwé ìròyìn The Lancet kéde ikú rẹ̀ ní ìlà díẹ̀. Ó mẹ́nu kan chloroform, kò sọ ohun kan nípa onígbáméjì.

Ní oṣù tí ó kú yìí gan-an ni odò Thames rùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin kò lè jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ wọn tí ó wà létí odò. Nítorí òórùn yìí ni wọ́n fi gbé iṣẹ́ kíkọ́ ojú àgbàrá ńlá abẹ́ ilẹ̀ lé Joseph Bazalgette lọ́wọ́, kí ó máa gbé ẹ̀gbin lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Òórùn ni wọ́n rò pé wọ́n ń lé, omi mímu ni wọ́n ń sọ di mímọ́. Ní ọdún 1866, onígbáméjì tún jà ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí iṣẹ́ náà kò tíì parí dé. William Farr, ẹni tí ó gbà tẹ́lẹ̀ pé òórùn ni, tọ ipasẹ̀ àrùn náà dé omi ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì gbà pé Snow ti sọ òótọ́. Ní ọdún 1883 àti 1884, Robert Koch ará Jámánì lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì àti Íńdíà, ó sì fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi rí kòkòrò tí ń fa àrùn náà. Filippo Pacini ará Ítálì ti rí i ní ọdún 1854, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ènìyàn kò kọbi ara sí tirẹ̀ náà.

Láàárín àwọn tí ń ṣe ìwádìí, ọ̀nà kan tí a fi ń mọ iyì ìwé ni kí a ka iye ìgbà tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ tiwọn. Òṣùwọ̀n yìí ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi wọn ìwé Snow ní ọjọ́ ikú rẹ̀, a ó sọ pé òfo ni. Ní ọdún 1936, Wade Hampton Frost, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé náà nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní New York. Láti ìgbà náà ni àwọn olùkọ́ ti ń fi í lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, tí àwọn olùwádìí sì ń tọ́ka sí i láti ìran dé ìran. Ní ọdún 2013, tí ó pé 200 ọdún tí a bí Snow, The Lancet tún kọ ìtàn ayé rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ onígbáméjì kún ohun tí ó fò ní ọdún 155 sẹ́yìn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Àrùn onígbáméjì kò tíì kúrò ní ayé. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Indonesia ní ọdún 1961 dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1970, ó sì ń yọjú síbẹ̀ níbi tí omi mímọ́ bá ti wọ́n. Bí ó bá bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kan, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n ka àwọn aláìsàn, kí wọ́n mọ ilé wọn, kí wọ́n sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. John Snow ni ó fi ọ̀nà yìí lélẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó fi rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ kan ní òótọ́, tí ẹ kà á kí ẹ tó sọ ọ́, tí ẹ sì kọ ohun tí ó tako yín mọ́ ohun tí ó gbè yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì bí kò bá sí ẹni tí ó yìn yín ní ọjọ́ kan náà. Ènìyàn 56 ni ó ra ìwé Snow. Iye àwọn tí ó wà láàyè nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè kà á tán.